Bí Ìkùukùu Òjò Ṣe Ṣú Lórí Òkè Ìdànrè Nínú Àwòrán Alámì Tótòtó

Ìkùukùu tí mo fi àmì tótòtó (ìyẹn àmì ọ̀dà kéékèèké tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìpò wọ́n pọ̀) kùn sórí Òkè Ìdànrè nínú àwòrán mi kò jọ ti ìjì rárá. Ṣe ló rí bí eérú. Ohun tó fà á ni pé àmì àwọ̀ aró àti ti àwọ̀ ọsàn pọ̀ dọ́gba níbẹ̀, ojú ẹni tó bá sì dúró lókèèrè yóò pò wọ́n pọ̀ di eérú (ìpòpọ̀ inú ojú yìí náà ni Georges Seurat, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbára lé ní Paris ní àwọn ọdún 1880). Nígbà tí ọ̀dà náà gbẹ, mo fi àmì aró dúdú àti ti àlùkò bo èyí tó pọ̀ jù nínú àwọ̀ ọsàn náà, mo sì fi àwọ̀ ọsàn sára àpáta, kí ìkùukùu lè túbọ̀ ṣókùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ti òjò, mo to àmì kéékèèké kí wọ́n dagẹ̀rẹ̀ síhà ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, nítorí pé, lójú tèmi, fífa ìlà yóò ba iṣẹ́ náà jẹ́.