Igi Kì Í Jẹ Ilẹ̀: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Kábọ̀n Tó Ń Yí Po

Ẹ bi ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé níbo ni igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wọn ti rí ara tó fi sanra tó báyẹn. Ilẹ̀ ni yóò nawọ́ sí. Ẹ bi bàbá rẹ̀ tó ń dáko lójú ọ̀nà Ìkòyí-Ilé, ilẹ̀ náà ni yóò nawọ́ sí. Kò yani lẹ́nu. Ilẹ̀ là ń ro, ilẹ̀ là ń bu ajílẹ̀ sí, ilẹ̀ náà la sì ń bú nígbà tí àgbàdo bá kọ̀ tí kò yọmọ. Àṣìṣe tó bí àwọn yòókù nìyẹn, òun ni mo sì máa kọ́kọ́ gbá mú.

Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ni igi ń jẹ, kòtò ńlá ni ì bá wà nídìí gbogbo máńgòrò ìlú yìí. Ará Brussels kan, Jan Baptist van Helmont, ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò láyé àtijọ́. Ó gbin igi willow tó wọn páùn 5 sínú ilẹ̀ gbígbẹ tó wọn páùn 200, omi nìkan ló sì ń bu sí i. Lẹ́yìn ọdún 5, igi náà ti di páùn 169. Ilẹ̀ ò fi ju áúnsì 2 lọ dín (áúnsì 16 ló ń jẹ́ páùn kan). Ọdún 1648 ni wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde, òun fúnra rẹ̀ ti kú nígbà náà. Ó ní omi ló di igi. Kò jìnnà sóòótọ́, àmọ́ afẹ́fẹ́ tí igi náà ń gbà sára lójoojúmọ́ kò wá sí i lọ́kàn. Nígbà tó di 1804, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Nicolas-Théodore de Saussure ní Geneva, wọn ọ̀rọ̀ náà dáadáa: inú carbon dioxide, gáàsì tí à ń mí síta, tó wà nínú afẹ́fẹ́ ni kábọ̀n igi, èròjà tó pọ̀ jù nínú èédú, ti ń wá, omi sì ń dara pọ̀ mọ́ ọn.

Igi tó bá gbẹ dáadáa, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ni kábọ̀n. Afẹ́fẹ́ tó sì gbé e wá rèé, carbon dioxide inú rẹ̀ kò ju bíi 4 lọ nínú 10,000! Ẹ má wá tìtorí èyí pa ajílẹ̀ tì o. Náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wá lóòótọ́, igi ò sì lè ṣe láìsí wọn. Wọ́n kàn kéré lórí òṣùwọ̀n ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò WAEC, ẹ má kàn há ìṣirò bí ewé ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe súgà sórí, ẹ ro ó pọ̀. Gíráàmù 264 carbon dioxide àti gíráàmù 108 omi, 372 ni wọ́n jẹ́. Ohun tí ewé yóò fi wọ́n ṣe ni gíráàmù 180 súgà gílúkóòsì àti gíráàmù 192 ọ́ksíjìn, gáàsì tí à ń mí sínú. Òun náà, 372.

Ọ̀rọ̀ èédú wá kù, ibẹ̀ gan-an làwọn èèyàn ti ń ṣì í jù. Láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Òkè-Ògùn, àpò èédú kì í wọ́n lẹ́bàá títì. Àwọn tó ń sun ún a to gẹdú jọ, wọ́n á fi koríko tútù bò ó, wọ́n á da yẹ̀pẹ̀ lé e, wọ́n á wá fi ihò díẹ̀ sílẹ̀ kí iná má bàa kú. Èéfín àkọ́kọ́ a funfun, a ki, torí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bó bá di pé ó fẹ́lẹ́, tó ń ṣe bí àwọ̀ aró, wọ́n á dí ihò pa. Ohun tí wọ́n máa hú jáde níbẹ̀ fúyẹ́ gan-an sí igi tí wọ́n tò, ìyókù ti bá èéfín lọ.

Ìyá tó wá ra èédú náà dáná á ní iná ti jẹ ẹ́ tán, torí eérú ẹ̀kúnwọ́ kan ló kù. Ẹ má gbà. Ká ní èédú kìlógíráàmù kan ní gíráàmù 750 kábọ̀n nínú. Tó bá jó tán pátápátá, yóò fa kìlógíráàmù 2 ọ́ksíjìn mọ́ra, yóò sì di carbon dioxide kìlógíráàmù 2.75. Ohun tó jáde wúwo ju èédú tí wọ́n rà lọ! A kì í rí i ni. Bí afẹ́fẹ́ ò bá sì tó o, carbon monoxide ni yóò máa jáde, ìyẹn kì í rùn, ó sì ń pani. Ẹ má gbé àdògán wọ yàrá tí ẹ tì pa láti fi yáná.

Ẹ má sì kọ ọ́ pé èédú di agbára. Kò sí kábọ̀n kan tó di ooru níbẹ̀. Òmíràn tó ń bí mi nínú: pé jíjá ìsopọ̀ àárín àwọn átọ́ọ̀mù, àwọn ègé kín-ín-kín-ín tó para pọ̀ di nǹkan, ló ń tú agbára sílẹ̀. Odindi ìwé ló ń kọ́ ọmọ báyẹn. Agbára là ń ná láti já ìsopọ̀. Ìgbà tí kábọ̀n bá wá dì mọ́ ọ́ksíjìn ni èyí tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ tó jáde.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń ya àwòrán ibi tí wọ́n ń gbà, ẹ má ya ọfà kan náà fún kábọ̀n àti agbára. Ọfà kábọ̀n ló ń yí po. Ti agbára, láti ọ̀dọ̀ oòrùn ló ti ń bọ̀, ó ń gba ibí kọjá, kì í sì í ṣẹ́rí padà. Ẹ wo ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo pákí níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Nínú agbára tó jẹ wọlé, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ló sábà ń di ara rẹ̀. Àwọn yòókù bá ìgbẹ́ lọ tàbí kí wọ́n di ooru. Ooru yẹn ò parẹ́ o, ó ń tàn ká títí yóò fi jáde kúrò láyé lọ sí òfuurufú. Ṣùgbọ́n ewé ò lè fi ooru ṣe súgà. Ìmọ́lẹ̀ ló ń lò.

Ti pé igi kì í mí lọ́sàn-án, ẹ fi sílẹ̀. Tọ̀sán-tòru ló ń mí. Òdòdó inú ìkòkò kan nínú yàrá kò sì lè gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ yín lóru tó ẹni tí ẹ jọ sùn.

Ewé kajú tó jẹrà pẹ̀lú, ẹ má ní gbogbo rẹ̀ ti di ilẹ̀. Ikán, olú àti àwọn kòkòrò àìfojúrí ló jẹ ẹ́, wọ́n sì mí èyí tó pọ̀ jù nínú kábọ̀n rẹ̀ padà sáfẹ́fẹ́. Díẹ̀ ló kù sílẹ̀. Òkìtì èèpo pákí tí afẹ́fẹ́ ò wọ inú rẹ̀ ń tú methane, gáàsì mìíràn tí kábọ̀n wà nínú rẹ̀, jáde ní tirẹ̀.

Àwọn kan wá ń jiyàn pé níwọ̀n bí kábọ̀n ò ti pọ̀ sí i láyé, kò séwu. Ibi tó wà ló ṣe pàtàkì. Nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Charles Keeling, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn afẹ́fẹ́ lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii lọ́dún 1958, bíi 315 nínú mílíọ̀nù kan ni carbon dioxide. Ó ti lé ní 420 báyìí. Epo rọ̀bì, gáàsì àti èédú ilẹ̀ (coal) tí wọ́n hú jáde tí wọ́n sì jó ló fa èyí tó pọ̀ jù.

Ó ku ẹni tó sanra tó wá fọn. Wọ́n á ní ó là á mọ́ òógùn, tàbí pé ọ̀rá náà di agbára. Ní 2014, Ruben Meerman àti Andrew Brown ṣírò rẹ̀ ní Ọsirélíà: nínú ọ̀rá kìlógíráàmù 10 tó bá jó lára, 8.4 gba imú jáde ní carbon dioxide, 1.6 di omi. Kẹ́nikẹ́ni má wá jókòó sábẹ́ fáànù kó máa mí gulegule o. Ọ̀rá ò ní tìtorí ìyẹn jó, orí ni yóò máa yí i.