Bí A Ṣe Lè Kọ Ìtàn-Àròsọ Ìfẹ́ Tí Orin Ti So Àwọn Àjèjì Pọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn-àròsọ ìfẹ́ ní èdè Yorùbá, tó sì fẹ́ kí orin so àwọn tí kò mọ ara wọn rí pọ̀, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí orin náà yóò ṣe nínú ìtàn. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé a jẹ́ kí ọkùnrin àti obìnrin pàdé níbi àríyá, kí àwọn olórin máa kọrin níwájú, wọn a sì rò pé orin ti wọ inú ìtàn nìyẹn. Bí a bá lè yọ orin náà kúrò tí nǹkan kan kò sì yẹ̀, kò níṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí orin gbé ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ẹ̀dá-ìtàn kò lè rí gbọ́ níbòmíràn.

Àṣà orin wa ti la ọ̀nà náà sílẹ̀. Àwọn olórin sákárà àti àpàlà, irú Yusuf Ọlátúnjí àti Haruna Ishọla, máa ń dárúkọ àwọn ọlọ́lá nínú orin. Wọn a pe olówó, wọn a pe ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀, wọn a fi òwò àti àdúgbò rẹ̀ kún un, gbogbo rẹ̀ a sì wà nínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ̀òkúta, tí bàbá rẹ̀ ti kú, ra àwo àtijọ́ kan. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ, ó gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Olórin pè é ní bàbá Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́ sì ni oríkì òun fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni olórin wá ki ìyàwó kan tí bàbá náà ní sí Ìbàdàn, tí ẹnikẹ́ni nílé wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Kò tún sí bí kò ṣe ní lọ sí Ìbàdàn. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un lè jẹ́ ọkùnrin kan tí ìyàwó náà gbà tọ́ láti kékeré. (Ẹ tètè yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ níbí, nítorí òǹkàwé Yorùbá kò ní fọkàn balẹ̀ gbádùn ìfẹ́ náà títí yóò fi dá a lójú pé wọn kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà.)

Bí ẹ bá fẹ́ kí ìtàn yín jìnnà sẹ́yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lo rédífúṣàn, ìyẹn rédíò oníwáyà, tó dé Èkó ní 1935 tó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Wáyà ni wọ́n fi so àpótí rẹ̀ mọ́ ilé kọ̀ọ̀kan, orin kan náà ni gbogbo ilé tó ní i ń gbọ́ ní wákàtí kan náà.

Ìlù ló tún jinlẹ̀ jù. Ohùn ọ̀rọ̀ ni ìyáàlù dùndún ń sọ, kì í pe kọ́ńsónáǹtì, nítorí náà gbólóhùn méjì tí ohùn wọn bára mu kò yàtọ̀ létí ẹni tí kò mọ ohun tí onílù ní lọ́kàn. Ẹ gbọ́ èyí: “Owó ti tán.” “Ẹkún ti tán.” “Adé ti dé.” Re-mi-re-mi ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ọmọ Àyàn bá lù ú níbi òkú, ẹni tí gbèsè ń dà láàmú yóò gbọ́ ti owó, opó yóò gbọ́ ti ẹkún, obìnrin tó ń retí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Adé yóò sì yíjú wo ẹnu ọ̀nà. Orí ìwé kan odidi lè dúró lórí ìlù kan ṣoṣo yìí, kí àwọn àjèjì mẹ́ta pàdé níbi tí wọ́n ti ń jiyàn ohun tí ìlù wí. Ẹ má ṣe fi ara yín ṣe onílù o. Ẹ lọ bá ọmọ Àyàn, kí ó lu gbólóhùn yín, kí ẹ sì béèrè bóyá onílù gidi lè lù ú bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìfẹ́, ẹ jẹ́ kó hàn nínú bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, “ẹ” ni wọn yóò máa fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Obìnrin náà yóò pe ọkùnrin ní ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin náà yóò pè é ní àǹtí. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ojú ìwé. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà bá pè é ní Àbẹ̀kẹ́, oríkì tó gbọ́ nínú àwo tí obìnrin náà gbé wá, òǹkàwé yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yípadà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ pé òun nífẹ̀ẹ́ ẹnì kan. Mo fẹ́ràn èyí ju ojú ìwé mẹ́wàá tó kún fún “olólùfẹ́ mi” lọ.

Àwọn kan a fẹ́ gbé ìtàn náà dé Kúbà, níbi tí wọ́n ṣì ń lu bàtá tí wọ́n sì ń kọrin òrìṣà. Ó dára, àmọ́ ẹ kọ́ bí tiwọn ṣe rí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ìlù mẹ́ta ni wọ́n ń lù pọ̀, orúkọ wọn a máa jẹ́ iyá, itótele àti okónkolo, àwọn tó sì ń kọrin náà lè má gbọ́ Yorùbá tí à ń sọ nílé lónìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ará Havana kan dé Òṣogbo kó máa sọ̀rọ̀ bí ọmọ Ọ̀yọ́.

Ẹ ṣẹ̀dá orin inú ìwé yín fúnra yín. Òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ ti ọdún 2022 ní Nàìjíríà dáàbò bo orin fún ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀. Haruna Ishọla kú ní 1983. Ẹni tó bá da orin rẹ̀ kọ sínú ìwé gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Bí ẹ bá ti kọ tiyín tán, ẹ fún ẹni tó lè kọ orin sákárà kó gbé e sẹ́nu, kí ẹ gé gbogbo ibi tí èémí rẹ̀ kò bá ti lè gbà á. Lẹ́yìn náà, kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé, ẹ yẹ àmì ohùn rẹ̀ wò lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, pàápàá jù lọ níbi tí ìlù ti ń sọ̀rọ̀, nítorí àmì kan tó bá ṣì níbẹ̀ lè sọ ẹkún di ẹkùn.