Bí mo ṣe tọ́jú ìrẹsì pẹlẹbẹ tí kò fi rọ̀

Ìrẹsì pẹlẹbẹ ni mò ń sọ, èyí tí wọ́n ti bọ̀, tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ. Ó fẹ́lẹ́ débi pé kíá ló ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra.

Kí n tó ṣe ohunkóhun, mo mú ẹyọ kan, mo fi ìka méjì ṣẹ́ ẹ. Èyí tó gbẹ dáadáa á ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wàá sì gbọ́ ọ. Èyí tó ti fa ọ̀rinrin á kọ́kọ́ tẹ̀ bí awọ kó tó ya. Tèmi ti ń tẹ̀ díẹ̀. Mo fi asẹ́ jọ̀ ọ́, kí ìyẹ̀fun ìsàlẹ̀ àpò lè kúrò, torí òun ló ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ra tí omi bá kàn án.

Mo dà á sínú páànù gbígbẹ, láìsí òróró, lórí iná wẹ́rẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni mo yan án, mo sì ń mi páànù. Ṣíbí a máa rún un wómúwómú. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ tó yí padà. Kó gbẹ ni mo fẹ́, n kò fẹ́ kó pọ́n.

Ibi tó gba sùúrù nìyí: mo tẹ́ ẹ sórí àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, mo dúró títí ó fi tutù pátápátá. Bí a bá dé e ní gbígbóná, ooru yẹn á di omi lára ìdérí, á sì kán padà sórí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yan. Ìsàlẹ̀ àwo ni mo fọwọ́ kàn, torí òkè máa ń tètè tutù, a sì máa tanni jẹ. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó sùn síta o. Bó bá ti tutù, ó yá.

Àwọn ìgò kéékèèké tí ìdérí wọn le dáadáa ni mo pín in sí, torí gbogbo ìgbà tí a bá ṣí ìgò ni afẹ́fẹ́ tuntun ń wọlé. N kò kì í mọ́lẹ̀, kó má baà fọ́.

Ní ti kòkòrò, fìríìsà tó tutù dé -18°C máa ń pa òun àti ẹyin rẹ̀ láàárín ọjọ́ 4. Mo gbé apá kan síbẹ̀, nígbà tí mo sì gbé e jáde, n kò ṣí i títí òtútù ara ìgò fi lọ tán, kí omi má baà sẹ̀ sínú rẹ̀. Èyí tó ṣì ní èèpo pupa lára ló ń gbé fìríìsà títí, torí òróró inú èèpo náà máa ń di kíkan.

Àwọn ìgò yòókù wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó jìnnà sí sítóòfù. Ṣíbí gbígbẹ nìkan ló ń wọ inú wọn, mo sì ti kìlọ̀ fún gbogbo ará ilé.