Ojú Àgbẹ̀ Tó Ní Àtọ̀gbẹ: Ẹ Má Kán Ohunkóhun Sí I Fúnra Yín

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya àgbàdo, tí ẹ ń fa pákí, ẹ mọ̀ pé ewé máa ń gbá ni lójú. Egbò kékeré yẹn nìkan kọ́ ló sábà ń fọ́ ojú. Ohun tí a ń rọ sí i lẹ́yìn náà ni: omi ṣúgà, ìtọ̀, wàrà ọmú, omi ewé, kẹrosíìnì. Èyí tó burú jù ni oògùn ojú tí aládùúgbò lò kù, tí dexamethasone, oògùn tó ń mú wíwú àti pípọ́n rọlẹ̀, wà nínú rẹ̀. Pípọ́n ojú á rọlẹ̀, ìrora á dínkù, ẹ ó sì rò pé ó ń san. Lábẹ́ rẹ̀, irú kòkòrò tó ń mú kí búrẹ́dì bu, èyí tó bá ewé wọlé, ti ń jẹ awọ iwájú ẹyinjú lọ. Ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀.

Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lára máa ń sọ ojú di aláìmọ ìrora, bó ti ń ṣe sí ẹsẹ̀. Nítorí náà, “kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí” kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ fi omi tó ti hó tó sì ti tutù ṣan ojú. Bó bá jẹ́ oògùn apakòkòrò oko ló ta sí i, ẹ má wá omi híhó kiri. Ẹ fi omi mímọ́ tó wà nítòsí ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán. Ẹ má fi ọwọ́ ra ojú, ẹ má fi aṣọ dì í. Kí wákàtí 24 tó pé, ẹ dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, kí ẹ sì sọ ohun méjì: ewé ló gbá mi, mo ní àtọ̀gbẹ.

Bí wọ́n bá fún yín ní natamycin, ìyẹn oògùn ojú tó ń pa irú kòkòrò yẹn, ẹ̀kán kan ni lẹ́ẹ̀kan, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, títí kan òru. Bó bá jẹ́ oògùn méjì, ẹ fi ìṣẹ́jú 5 sáàárín wọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ìtọ́jú yìí. Ojú tí pípọ́n rẹ̀ ti lọ lè má tíì san. Ẹ má dá abẹ́rẹ́ insulin dúró láìbi dókítà léèrè. Kí ẹ tó jẹun, 80 sí 130 mg/dL ni ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà yẹ kó wà.

Bí ẹ̀gbẹ́ ojú bá wú, tí nǹkan dúdú hàn nínú imú tàbí lájà ẹnu, tí ẹyinjú yọ síta tàbí tí ẹ ń rí nǹkan kan ní méjì, ẹ má dúró di àárọ̀. Òru yẹn gan-an ni kí ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù ńlá.