Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ìtọ́jú Ìlera Ọpọlọ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama

Láti ọdún 11 tí mo ti ń darí ìtọ́jú ìlera ọpọlọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní agbègbè Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn onílé-ẹ̀kọ́ kì í pè mí kí wọ́n tó náwó. Ìgbà tí owó bá ti tán, tí ọmọ kankan kò sì yọjú, ni wọ́n máa ń rántí mi. Ohun tí ó bí mi nínú tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Àṣìṣe kìíní ni yàrá. Bí ẹ bá fún onílé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá lówó, mẹ́sàn-án nínú wọn yóò fi ra àga onítìmùtìmù, ẹ̀rọ amúlétutù àti pátákó gàgàrà tí a kọ "Ibi Ìtọ́jú Ìlera Ọpọlọ" sí, wọn yóò sì fi yàrá náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, kí àwọn òbí tí ó wá san owó ilé-ẹ̀kọ́ lè rí i. Ta ni ẹ kọ́ ọ fún, òbí ni àbí ọmọ? Ọmọ ọdún 15 tí kò rí oorun sùn mọ́ láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kúrò nílé kò ní kọjá níwájú kíláàsì mẹ́ta lákòókò ìsinmi, kí ó wá ṣí ilẹ̀kùn tí a kọ ọpọlọ sí, nígbà tí gbogbo wa mọ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa pè é kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo mọ̀ nítorí pé èmi náà ṣe é. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́, èmi fúnra mi ni mo yan àwọ̀ kọ́tìnnì, mo tún gbé òdòdó oníke sórí tábìlì. Odidi táàmù kan ni mo fi jókòó sínú òtútù. Ẹni kan ṣoṣo tí ó kanlẹ̀kùn ni tíṣà ìṣirò, ibi tí yóò ti ṣáàjì fóònù rẹ̀ ni ó ń wá.

Nígbà tí táàmù kejì wọlé, mo kó lọ sí kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ilé ìkàwé, mo gbé àga oníke méjì síbẹ̀, n kò sì kọ nǹkan kan sára ilẹ̀kùn. Ọmọ tí ó bá fẹ́ rí mi lè sọ pé ìwé ni òun lọ dá padà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ti ń pín àkókò fún wọn kí wọ́n má baà pàdé ara wọn.

Ìkejì: ẹ má ṣe gbé iṣẹ́ yìí fún tíṣà tí ó ń na àwọn ọmọ lẹ́gba.

Ìkẹta: àpérò ọjọ́ kan, pẹ̀lú ẹ̀wù tí a tẹ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ sí, kò lè rọ́pò ẹni tí ó ń wà níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ti ìwé ìbéèrè léwu jù wọ́n lọ. Ìbéèrè 9 péré ni PHQ-9, ìwé ìbéèrè tí a fi ń yẹ ìsoríkọ́ wò, ní, ó sì rọrùn láti pín in fún odidi ilé-ẹ̀kọ́ ní àárọ̀ kan. Ṣùgbọ́n ìkẹsàn-án ń béèrè bóyá ẹni náà ti ń rò pé ó sàn kí òun kú tàbí kí òun ṣe ara òun léṣe, ẹni tí ó bá sì bi ọmọ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ka ìdáhùn rẹ̀ kí ọmọ náà tó lọ sílé lọ́jọ́ náà. Mo ti fi ìwé àwọn ọmọ SS2 sílẹ̀ nínú bùùtù ọkọ̀ mi láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Ajé rí. Ọmọ méjì ni ó ti dáhùn pé ojoojúmọ́ ni. Wọ́n wà láàyè, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgbọ́n mi ni ó pa wọ́n mọ́.

Ọ̀pọ̀ ọmọ kò sì ní sọ pé inú òun bàjẹ́. Orí ni wọn yóò sọ: orí ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú orí, ìwé kò wọlé mọ́. Láti ọdún 1960 ni dókítà Raymond Prince ti kọ̀wé nípa irú àìsàn yìí láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, lábẹ́ orúkọ "brain fag", ìyẹn àárẹ̀ ọpọlọ. Lónìí, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń gbé e lọ, yóò fún wọn ní Panadol, ó parí. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í pe nọ́ọ̀sì sí ìpàdé, bẹ́ẹ̀ ni inú ìwé tí ó ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sí ni ẹ óò ti rí ọmọ tí ó wá lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní ti àṣírí, ẹ má ṣe ṣèlérí fún ọmọ pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé. Kí ó tó la ẹnu ni kí ẹ ti sọ fún un pé bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, tàbí bí ẹnì kan bá ń fìyà jẹ ẹ́, ẹ óò wá ìrànlọ́wọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tí ọmọ bá sọ kò gbọ́dọ̀ dé ìpàdé àwọn tíṣà. Ọ̀gá àgbà kan ní kí n gbé fáìlì wá nítorí pé òun ni òun ń san owó oṣù mi. Iye àwọn tí ó wá ni mo fún un, kò sì kí mi fún oṣù kan.

Láti ọdún 1954 ni ilé ìwòsàn Aro ti wà ní Abẹ́òkúta, síbẹ̀ ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́ńbà ẹni tí wọn yóò pè. Ẹ lọ síbẹ̀ ṣáájú. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń rí àwọn ọmọdé àti iye tí káàdì jẹ́. Ẹ sì múra ohun tí ẹ óò sọ fún òbí, nítorí èébú ni orúkọ Aro jẹ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìyá kan figbe ta nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀, ó ní mo fẹ́ sọ ọmọ òun di wèrè. Láti ìgbà náà, mo máa ń bá wọn lọ fúnra mi ní ìgbà àkọ́kọ́, n ó sì bá wọn jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí wọn yóò fi pe orúkọ ọmọ.