Ẹ má so inverter mọ́ alternator láìsí bátìrì o

Àwọn èèyàn máa ń gbé alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì mọ́tò ń yí kó lè mú iná wá, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Lafẹ́nwá, wọ́n á ní "Rewáyà, bátìrì ti wọ́n jù, bá wa so eléyìí mọ́ inverter tààrà." Inverter ni ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná tí nǹkan inú ilé ń lò. Ṣé alternator lè gbé e? Mi ò ní parọ́, ó lè gbé e, àmọ́ ẹ gbọ́ ná.

Wáyà tí wọ́n wé sínú alternator ló ń di mágínẹ́ẹ̀tì, bátìrì ló sì ń kọ́kọ́ fún un níná díẹ̀ tó fi ń jí, láìsí ìyẹn ẹ lè yí i títí ilẹ̀ á fi ṣú kó má mú nǹkan kan wá. Ká tiẹ̀ ní ó jí, wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Regulator ẹ̀, ìyẹn èyí tó ń ṣàkóso volt tó ń jáde, fẹ́ dì í mú sí bíi 14 volt ṣùgbọ́n kì í yára. Ká ní ẹ̀ ń fi áyọ́ọ̀nù lọ àdìrẹ tẹ́ ẹ rà ní Ìtòkú, ẹnì kan wá fa púlọ́ọ̀gì yọ lójijì, iná tó ń bọ̀ ò ríbi gbà, ó lè fò kọjá 80 volt kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ 16 gan-an ti pọ̀ jù fún inverter 12 volt. Bátìrì ló máa ń gbé irú ẹ̀ mì. Òun ló ń jẹ́ kí n bínú sáwọn tó ń yọ hẹ́ẹ̀dì bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ pé àwọn ń tẹ́ẹ̀sì alternator, Peugeot 504 àtijọ́ lè fara dà á, mọ́tò tó ní brainbox, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ńkọ́?

Torí náà ẹ fi bátìrì mọ́tò kan sáàárín, tòkunbọ̀ náà dáa, tó bá ṣáà ti lè di 12 volt mú. Wáyà tó nípọn láti B+ alternator (ojú tí iná ti ń jáde) sí pọ́sítíìfù bátìrì, bọ́dì ẹ̀ sí nẹ́gétíìfù, wáyà kékeré tó ń jí i, ẹ jẹ́ kó gba inú kọ́kọ́rọ́ àti gílóòbù 12 volt kékeré kọjá. Orí bátìrì gan-an ni kẹ́ ẹ ti mú iná inverter, kì í ṣe ojú ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá, fíúsì ńlá sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí pọ́sítíìfù. Ẹ má ṣahun wáyà o, 1000 watt lórí 12 volt ń jẹ tó 100 amp, wáyà ilé á yọ́ ni.

Alternator tí wọ́n kọ 90 amp sí lára, tẹ́ ẹ ò bá tẹ ẹ́ńjìnnì, ìdajì ẹ̀ lè má jáde. Fáànù, tẹlifíṣọ̀n, gílóòbù, ìyẹn ò le, fíríìjì ni mo ń bẹ̀rù torí iná tó máa ń fà nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Ìta gbangba ni kí mọ́tò wà, èéfín ẹ̀ ń pa èèyàn sójú oorun.

Ẹ́ńjìnnì lẹ máa kọ́kọ́ tan, kẹ́ ẹ tó tan inverter, kẹ́ ẹ tó wá ki nǹkan bọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ̀yìn lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀.