Kíka ẹyẹ ní Spurn níparí oṣù Kẹta

Ojú ọjọ́ alẹ́ ló ń pinnu bí òwúrọ̀ yóò ṣe rí. Spurn jẹ́ ahọ́n iyanrìn kan tó gùn tó máìlì mẹ́ta lẹ́nu odò Humber, ní ìlà-oòrùn Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí n tó sùn ni mo sì ti ń wo atẹ́gùn ibẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ nílẹ̀ Faransé, tí atẹ́gùn gúúsù ń fẹ́ jẹ́jẹ́, ẹyẹ á gbéra lálẹ́. Bí kùrukùru tàbí òjò wínníwínní bá pàdé wọn létíkun wa kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn á balẹ̀ síbi tí ilẹ̀ bá ti kọ́kọ́ kàn wọ́n. Àmọ́ bó bá mọ́ títí dé ọ̀dọ̀ wa, òkè ni wọn á gbà kọjá, igbó á sì ṣófo. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, atẹ́gùn ń ti gúúsù bọ̀, òjò díẹ̀ sì rọ̀ láago márùn-ún.

Ẹ wo ìgbà tí òkun máa kún pẹ̀lú. Látìgbà tí ìjì oṣù Kejìlá 2013 ti gé ọ̀nà ibẹ̀, omi máa ń gba orí iyanrìn kọjá nígbà tí òkun bá kún gan-an, ẹni tó bá wà lódì kejì á dúró dìgbà tó bá fà.

Ẹrù mi kò pọ̀: awò olójú méjì 8x42 (8x ni pé ó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́jọ), awò gígùn 20-60x lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ìwé kékeré, pẹ́ńsùlù méjì. Báírò kì í kọ lórí ìwé tí ìrì ti rin. Awò ọwọ́ tó bá lágbára ju 10x lọ, ọwọ́ tí òtútù mú kò lè gbé e dúró.

Oòrùn yọ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta ni wọ́n ń ti aago síwájú, nítorí náà mo kọ aago tí mò ń lò sókè ìwé.

Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu nìyí: ní ìgbà ìrúwé tó yẹ kí ẹyẹ máa lọ sí àríwá, gúúsù ni ọ̀pọ̀ wọn ń forí lé ní Spurn. Wọ́n ti bá òkun pàdé, etí rẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀. Mo pín ojú ìwé sí méjì, G fún gúúsù, A fún àríwá, mo sì ń bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Meadow Pipit, ẹyẹ kékeré kan tó ní àwọ̀ ilẹ̀, ló pọ̀ jù. Bí agbo bá tóbi, mo ka mẹ́wàá, mo wo àyè tí mẹ́wàá gbà lójú ọ̀run, mo wá fi wọn ìyókù. Ibi tí kíkà ti ń bàjẹ́ ni pé agbo tó dé orí omi lè ṣẹ́rí padà. Bí mo bá rí i tó ń padà bọ̀, mo yọ iye rẹ̀ kúrò nínú G, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ agbo kan á di mẹ́ta nínú ìwé.

Lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án mo fi ojú ọ̀run sílẹ̀, mo bọ́ sí koríko tí àgùntàn ti jẹ mọ́lẹ̀. Wheatear mẹ́ta wà níbẹ̀. Ẹyẹ tó wọn bíi gíráàmù 25 yìí, gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ló ń sá òtútù lọ, títí kan àríwá Nàìjíríà. Ó nàró lórí ebè, ó sáré, ó dúró ṣinṣin, ó tún sáré. Bó ti fò, ìdí rẹ̀ tàn funfun báláú, àmì dúdú bíi lẹ́tà T tí a dorí rẹ̀ kodò sì hàn ní ìrù. Ìdí yìí ni kí ẹ máa wò. Àwọ̀ ẹ̀yìn lè tàn yín jẹ, torí ti akọ dà bí eérú, ti abo sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí erùpẹ̀.

Láago mẹ́wàá kọjá, ẹyẹ funfun kan ń rìn láàárín àgùntàn lẹ́bàá Kilnsea, abúlé tó wà nítòsí Spurn. Nílé, gbogbo ẹyẹ funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn là ń pè ní lékeléke. Bẹ́ẹ̀ kọ́ níbí, nítorí ẹ̀yà mẹ́ta ló wà. Little Egret ní àgógó dúdú tó tín-ín-rín, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ní àwọ̀ ìyeyè. Great White Egret ga fíofío, ìlà ẹnu rẹ̀ sì gùn kọjá ẹ̀yìn ojú. Lékeléke gan-an, tí wọ́n ń pè ní Cattle Egret, kúrú, ọrùn rẹ̀ kì, àgógó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ìyẹ́ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ sì yọ síta bí irùngbọ̀n. Èyí tí mò ń wò ní irùngbọ̀n náà, àwọ̀ ọsàn sì ti ń ta sí àtàrí rẹ̀.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó ṣí ìwé ẹyẹ kankan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí ìwé, ohun tó wà nínú àwòrán ni yóò kọ. Mo kọ bí ó ti jìnnà tó, ibi tí oòrùn wà, àti ìṣẹ́jú tí mo fi wò ó. Mo dín ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà kù sí -1, torí ara funfun nínú oòrùn máa ń ràn, ìyẹ́ á sì parẹ́ nínú fọ́tò. Pápá olóko ni, nítorí náà mi ò fo wáyà.

Nírọ̀lẹ́, mo fi gbogbo rẹ̀ sórí BirdTrack, ìkànnì tí àwọn tó ń wo ẹyẹ ń kọ ohun tí wọ́n rí sí, mo sì tọ́ka sí i pé àkọsílẹ̀ pípé ni, torí ẹ̀yà tí kò sí nínú rẹ̀ náà ń sọ nǹkan fún àwọn tó ń ṣèwádìí. Lékeléke kì í ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi ti tẹ́lẹ̀, ó kọ́kọ́ pa ọmọ ní Somerset, ní gúúsù, lọ́dún 2008, àmọ́ àríwá kò tíì mọ̀ ọ́n bíi gúúsù. Mo fi fọ́tò àti àpèjúwe mi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹyẹ àgbègbè náà. Láago 11:20 òwúrọ̀ ni lékeléke náà ti gbéra, ó gba orí odò Humber kọjá, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ G.